Kò-tíì-fà àti Ìgèrè Ẹ̀yìn Àga Ìyàwó

Nígbà tí ilé-ìwé tó wà lórí òkè kékeré lẹ́bàá etíkun ń wá olùkọ́ tuntun, wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó kan, wọ́n sì gbé pátákó náà sí ẹnu géètì: A N WA OLUKO EDE. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì ohùn kankan sí i. Olùkọ́ èdè ni wọ́n ń wá, ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní gírámà àti bí a ṣe ń kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ kọjá níbẹ̀ ni Kò-tíì-fà, ọkùnrin tó ti ń fi ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ tí à ń dẹ sísàlẹ̀ omi, pa edé nínú òkun láti kékeré, òun náà sì kà á bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀. Olùkọ́ edé. Ó dúró síwájú pátákó náà títí, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ní ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú bọ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ funfun tó fi gbéyàwó, ó gbé garawa edé tó wà láàyè ní ọwọ́ kan, ó gbé abọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ní ọwọ́ kejì, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Ọ̀gá náà, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín níwájú akẹ́kọ̀ọ́, wo garawa, ó wo ẹrẹ̀, ó wo aṣọ funfun.

"Bàbá, kí lẹ gbé wá yìí?"

"Edé ni, mà. Ẹ ní ẹ ń wá olùkọ́ rẹ̀."

"Èdè la kọ síbẹ̀, bàbá."

"Mo rí i. Òun ló gbé mi wá."

"Èdè tí à ń fi ẹnu sọ."

"Èyí tí à ń fi sẹ́nu ni tèmi. Ẹnu náà kúkú ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń yí ká."

Wọn kò gbà á síṣẹ́. Àmọ́ bàbá kò lè padà sílé, nítorí ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá, omi tó yẹ kó gbé e padà sì ń ṣàn bọ̀ lódìkejì. Ó ní òun yóò jókòó títí omi yóò fi fà. Ojú ń ti ọ̀gá láti jẹ́ kí àgbàlagbà tó wọ aṣọ ìgbéyàwó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú garawa, ó bá ní kó wọ kíláàsì kan kó bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kò-tíì-fà tó ti ń fọ́nnu láti ìdí ọkọ̀ dé ẹnu géètì wá rí ojú àwọn ọmọ, ẹnu rẹ̀ kú. Ó ní, "Edé," ó dákẹ́. Ó tún ní, "Edé," ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ garawa. Edé fọ́n káàkiri abẹ́ tábìlì, àwọn ọmọ gun orí àga, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rá kiri ilẹ̀ nínú aṣọ funfun, ìgbà yẹn gan-an ni ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. "Ẹ wo bó ṣe ń sá. Ẹ̀yìn ló fi ń sá. Ẹni tó bá fẹ́ mú un, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó lọ dúró sí." Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn ọmọ ilé-ìwé yẹn fi ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sílé.

Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí nínú pálọ̀ Kò-tíì-fà, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ín. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́, ẹ̀rín sì ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn báyìí. Gbogbo àwọn tó wá bá ọmọ olóògbé kẹ́dùn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Ọmọ náà, obìnrin aránṣọ tó ń gbé ní ìlú mìíràn, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá bí, rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, àmọ́ ẹ̀rín tirẹ̀ kò rìn jìnnà kó tó di ẹkún. Ìgbà gbogbo ló máa ń sọ fún bàbá pé òun ń bọ̀ wá lo àkókò díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, aṣọ àwọn oníbàárà kì í sì í jẹ́. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é pé bàbá ti dùbúlẹ̀ ló tó rí àyè, ọjọ́ tí wọ́n sì jọ lò kò tó nǹkan.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi," ni onígbàjámọ̀ àdúgbò wí, "nítorí orí rẹ̀ ṣì kù sí mi lọ́wọ́."

Ẹ ní láti mọ̀ pé bàbá yìí kì í fi aago ṣe ohunkóhun. Bí omi òkun bá ń kún, ó wà nílé. Bí omi bá ń fà, ó wà lórí omi. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ní kó wá ṣe, ìdáhùn kan náà ni: "Omi ò tíì fà." Wọ́n ní kó wá jẹun, kò tíì fà. Wọ́n ní kó wá yanjú ìjà, kò tíì fà. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ṣe rá mọ́ ọn lára, tó di Kò-tíì-fà. Ní ọjọ́ tí onígbàjámọ̀ ń sọ yìí, ó wá gé irun, oorun sì gbé e lọ lórí àga. Onígbàjámọ̀ fá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tán, ó bi í léèrè pé, "Bàbá, ṣé kí n fá èyí tó kù?"

"Kò tíì fà," ni bàbá wí lójú oorun.

Onígbàjámọ̀ gbé abẹ sílẹ̀. Ohun tí oníbàárà bá wí labẹ gé. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó tún béèrè. "Mo ní kò tíì fà," ni bàbá wí. Ó bá fà sẹ́yìn, ó jókòó, ó ń dúró. Lójijì ni bàbá fò dìde, ó na imú sí afẹ́fẹ́, ó ní, "Ó ti fà," ó sì sáré gba ọ̀nà etíkun lọ, tòun ti ìdajì irun àti aṣọ onígbàjámọ̀ lọ́rùn.

"Aṣọ náà kò padà mọ́," ni onígbàjámọ̀ fi parí rẹ̀. "Ó ní òun ti fi lẹ ìgèrè."

Ohun tó ń lé bàbá kiri báyìí kì í ṣe wèrè o. Ó gbà pé ìdí tí ìgèrè àwọn ẹlòmíràn fi ń ṣófo ni pé wọ́n ń jù ú sókun bí ẹni da omi ìfọwọ́ nù. Ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ òkun kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní òkè, ó ní kòtò, ó ní ojú ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé àti èyí tó ń gbà jáde, edé sì mọ gbogbo rẹ̀ bí ìyàwó ilé ṣe mọ ilé ìdáná rẹ̀. Bí omi bá ń kún, edé á tẹ̀ lé e gòkè wá síbi ẹrẹ̀ rírọ̀ láti jẹun. Bí omi bá ń fà, wọn á gba inú àwọn kòtò tóóró padà sínú ọ̀gbun. Ẹni tó bá dẹ ìgèrè sínú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Láti mọ ibi tí òkè àti kòtò wà, bàbá so òjé wúwo kan mọ́ okùn, á fi ọṣẹ ra ìdí òjé náà, á jù ú sísàlẹ̀. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọṣẹ bọ̀: yanrìn, ẹrẹ̀, àfọ́kù ìkarahun. Bàbá á wò ó, á gbóòórùn rẹ̀, á wá fi ahọ́n tọ́ ọ wò. "Ó dùn," á ní. "Edé wà." Atukọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ sókun á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà bì. Ọṣẹ ìwẹ̀ kì í pẹ́ nílé wọn. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìsàlẹ̀ òkun mọ́ ju ọkọ òun lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà kan tó ti fọwọ́ sọ̀yà pé ìgèrè òun yóò kún débi pé yóò ya, bàtà ògbólógbòó kan ṣoṣo ló fà jáde. Àwọn ènìyàn ń wò ó. Ó gbọn omi inú bàtà náà dà nù, ó ní àwọn edé ti kó kúrò nílé ni, èyí ni wọ́n gbàgbé.

Bàbá kò mọ àwòrán yà. Ìyẹn ló jẹ́ kó sọ pálọ̀ rẹ̀ di òkun. Ilẹ̀kùn ìta ni ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ́ sójú omi. Fèrèsé ni òkúta funfun tí gbogbo atukọ̀ mọ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni ẹnu ọ̀gbun. Láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó to ẹrù ilé sí ibi tí òkè àti kòtò wà: kọ́bọ́ọ̀dù ni òkìtì yanrìn gíga, bẹ́ńṣì ni òkúta gbọọrọ, abẹ́ tábìlì ni kòtò tí edé fẹ́ràn jù. Bí ìjì bá jà tí yanrìn sún nídìí, ó di dandan kí kọ́bọ́ọ̀dù sún nídìí. Àlejò tó mọ ọ̀nà lánàá, bó bá padà wá lónìí, ojúgun rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé òkun ti yí padà.

Ní kékeré, ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ilé àwọn ẹlòmíràn kì í rí bẹ́ẹ̀. Bàbá á mú un lọ́wọ́, wọn á jọ fi ẹ̀yìn rìn láti abẹ́ tábìlì.

"Omi ti ń fà, ìyá mi. Ibo ni edé ń lọ?"

"Ó ń lọ bá Màámi ní ilé ìdáná."

"O káre. Ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń parí sí."

Ohun kan ṣoṣo ni kì í kúrò lójú kan nínú pálọ̀ yẹn, òun náà ni àga ìyá ọmọ náà, àga onígi kékeré tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ìyá ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òkun kò ní jókòó sórí àga òun. Bàbá kò jà á níyàn, nítorí ó ti ṣẹ ìyá lórí ọ̀rọ̀ tíréè.

Ọ̀rọ̀ tíréè náà rèé. Edé kì í fojú wá oúnjẹ, òórùn ló ń tọ̀. Omi á gbé òórùn ìdẹ lọ, edé á sì tọ òórùn náà bọ̀ lódì sí omi. Nítorí náà, ibi tí omi ń lọ ló yẹ kí ẹnu ìgèrè kọ sí. Ṣùgbọ́n omi kì í lọ síbì kan títí. Bó bá ti yí padà, ẹ̀yìn ìgèrè ni edé á máa kàn. Bàbá ronú lọ, ó ronú bọ̀, ó ní òun yóò ṣe ìgèrè tí yóò máa bá omi yí, bí ìrù àkùkọ ṣe ń bá atẹ́gùn yí. Ohun pẹlẹbẹ tó le ló nílò láti so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ohun pẹlẹbẹ tó le tó wà nílé ni tíréè onírin tí ìyá fi ń gbé omi fún àlejò, èyí tí wọ́n ya òdòdó pupa sí láàárín. Ó lu ihò sí i.

"Ẹranko wo ló ní ìrù lẹ́nu?" ni ìyá bi í.

"Kò tíì sí. Èmi ni mo ń ṣe é lọ́wọ́."

Ìgèrè náà yí bó ṣe fẹ́. Ó pa edé ju èyí tó ti pa rí lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìjì gbé e lọ, tòun ti tíréè.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí bàbá lè béèrè tí ìyá kò ní fi tíréè dá a lóhùn. "Ṣé oúnjẹ ti jinná?" "Níbo ni tíréè mi wà?" "Ṣé o sùn dáadáa?" "Tíréè mi kò jẹ́ kí n sùn." Bàbá á ní, "Màá rí i. Omi ò tíì fà ni." Ọdún ń gorí ọdún. Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ìjà, ó di àwàdà, ó wá di ọ̀nà tí àwọn méjèèjì fi ń kí ara wọn. Nígbà tí àìsàn ìyá le tán, tí ohùn rẹ̀ kò jáde mọ́ dáadáa, ó fi ìka pe bàbá súnmọ́ra, ó ní, "Tíréè mi ńkọ́?" ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá dìde. Ó jáde, ó lọ dúró nínú òkun títí omi fi dé orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá, ó wá ń lọ sókun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kódà nígbà tí edé kò sí. Àwọn ènìyàn ní ìdánìkanwà ni. Wọn kò purọ́, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan.

Nígbà tí aránṣọ dé báyìí láti tọ́jú bàbá, ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé àga ìyá kò sí lábẹ́ fèrèsé mọ́. Ó wà níhà ilé ìdáná.

"Bàbá, ta ló gbé àga Màámi?"

Bàbá rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn, bí ọmọ tó fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn. "Mo ti rí i."

"Kí lẹ rí?"

"Omi ò tíì fà. Wàá mọ̀."

Ó rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀, ó fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀. Ní ọ̀sán tí bàbá máa lọ, ó la ojú, ó béèrè pé, "Ṣé ó ti fà?" Aránṣọ wo ìta láti ojú fèrèsé. Ẹrẹ̀ ti hàn, àwọn ẹyẹ ń rìn lórí rẹ̀. Ó ní, "Ó ti fà, Bàbá." Bàbá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Kò sọ ohun mìíràn mọ́.

Ẹ̀rín onígbàjámọ̀ kò tíì tán nínú pálọ̀ nígbà tí atukọ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin yìí kò wọ pálọ̀ yẹn rí láyé rẹ̀, nítorí ìyá kì í gba ẹlẹ́sẹ̀ ẹrẹ̀ wọlé. Etíkun ló ti máa ń kígbe pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó nu ẹsẹ̀ títí bí ẹni pé ìyá ṣì ń wò ó.

"Ẹ wọlé, Bàbá Atukọ̀," ni aránṣọ wí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, nawọ́ sí ògiri. "Ẹ jókòó sórí bẹ́ńṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀ yẹn."

Atukọ̀ kò jókòó. "Ẹ ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ni?"

"Kọ́bọ́ọ̀dù."

"Bẹ́ńṣì àti Kọ́bọ́ọ̀dù." Ó wo yàrá náà yí ká. "Ṣé Abẹ́-Tábìlì náà wà níbí?"

Ọ̀gá ilé-ìwé fi ìka han abẹ́ tábìlì. Ọkùnrin náà rọra jókòó wàyí. Ó ní gbogbo ọdún tí òun fi bá Kò-tíì-fà tukọ̀, orúkọ tó ń pe àwọn ibi tí wọ́n ń dẹ ìgèrè sí nìyẹn. "Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí ibì kan nínú òkun fi ń jẹ́ Kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní jagunjagun kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Mo tilẹ̀ fi ogun díẹ̀ kún un."

Ilé tún dà rú fún ẹ̀rín. Atukọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó kọjú sí aránṣọ, ó ní, "Ọmọ mi, nǹkan kan ló gbé mi wá. Lẹ́yìn ìjì tó jà kẹ́yìn, ẹ̀yìn ń dùn mí, òun nìkan ló dá lọ sókun. Nígbà tó dùbúlẹ̀, mo wá kí i lójú fèrèsé yàrá. Ó ní ìgèrè kan ṣì wà nínú omi, kí n bá òun gbé e. Mo ní níbo? Ó ní, 'Lẹ́yìn àga ìyàwó mi.' Mo mọ gbogbo ibi tó mọ̀. Àga Ìyàwó kò sí nínú òkun yẹn. Bẹ́ẹ̀, o mọ̀ pé kì í so àmì kankan sójú omi nítorí olè. Omi ńlá oṣù tuntun sì ń bọ̀ lọ́la. Bí a kò bá gbé e lónìí, yanrìn yóò bò ó."

"Ẹ fi sílẹ̀ o," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹni tó ni ín ti lọ. Kí ni a fẹ́ fi ìgèrè kan ṣe?"

"Ìyá Àgbà, ìgèrè tí a gbàgbé kì í gbàgbé. Bàbá ló máa ń sọ ọ́." Aránṣọ ló fèsì bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí. Ìgèrè tó bá sọnù kì í ṣíwọ́ iṣẹ́. Edé tó bá kú sínú rẹ̀ á di ìdẹ fún òmíràn, èyí náà á kú, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pa ẹran tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ. Èyí tí ìjì gbé lọ ní ìgbà tíréè nìkan ló sọnù mọ́ bàbá lọ́wọ́ rí, ó sì dùn ún ju bàtà ògbólógbòó lọ. "Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kẹ́yìn láyé nìyẹn," ni ọmọ náà wí. "N kò fẹ́ kó máa pa nǹkan lásán."

Ìgbà yẹn ló wo pálọ̀ yí ká. Àwọn aládùúgbò ti kó gbogbo ẹrù síta lọ́jọ́ ìsìnkú kí èrò lè ráyè, wọ́n sì ti kó o padà tọkàntọkàn, wọ́n tò ó mọ́ ara ògiri, àga ìyá sì wà lábẹ́ fèrèsé níbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Pálọ̀ náà ti rí bíi pálọ̀ ọmọ ènìyàn. Òkun ti kúrò nínú rẹ̀ pátápátá.

"Níhà ilé ìdáná ni àga Màámi wà nígbà tí mo dé," ó ní. "Ibẹ̀ ni ibi náà. Àmọ́ n kò mọ ojú ibi tó dúró sí gan-an. N kò mọ ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù náà dúró sí. Mo rò pé mo ṣì máa wò ó dáadáa."

Ìyá Àgbà ló wá ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Ojú ọgbẹ́ kan dúdú lójúgun rẹ̀.

"Ojúgun mi mọ̀ ọ́n," ó ní.

Àṣé, yàtọ̀ sí atukọ̀, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló ti wọlé wá kí bàbá nígbà tó ń ṣàìsàn, kò sì sí ẹni tó jáde láìfara pa. Onígbàjámọ̀ di ìbàdí mú, ó ní etí tábìlì ni, bí òun ṣe ń yà sápá òsì. Ọ̀gá ilé-ìwé jẹ́wọ́ pé bẹ́ńṣì kọ́kọ́ mú òun lórúnkún, kọ́bọ́ọ̀dù sì gba òun léjìká. Wọ́n gbé gbogbo ẹrù kúrò lára ògiri. Àwọn àgbàlagbà mẹ́ta di ojú wọn, wọ́n ń rìn bí wọ́n ṣe rìn lọ́jọ́ náà, aránṣọ àti atukọ̀ sì ń sún ẹrù pàdé wọn. Ìyá Àgbà gbé abọ́ òfìfo dání bí ẹni gbé omi gbígbóná, ó ń bọ̀ láti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan àga.

"Ẹ sún un díẹ̀," ó ní. "Kò dùn mí tó."

Wọ́n sún un. Ó padà sẹ́yìn, ó tún bọ̀. Abọ́ fò lọ, Ìyá Àgbà di ojúgun mú, omi lé ròrò sí i lójú. "Ibẹ̀ ni. Orí burúkú ọkùnrin yẹn. Àbúrò mi." Ó jókòó sórí àga náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, aránṣọ sì dì mọ́ ọn.

Atukọ̀ dúró láàárín pálọ̀, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé tí aránṣọ ní ó jẹ́ òkúta funfun. "Lẹ́yìn Kọ́bọ́ọ̀dù," ó ń sọ fún ara rẹ̀, "kí èèyàn tó dé ọ̀gbun, níbi tí yanrìn ti tán. Kò sí kòtò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjì ló gbẹ́ ẹ." Ó gbé fìlà rẹ̀, ó kọjú sí aránṣọ. "Ìyá mi, ó ti ń fà. Jẹ́ ká lọ."

Ó ti pẹ́ tí aránṣọ ti wọ ọkọ̀ ojú omi kẹ́yìn. Ó mú okùn olójé bàbá dání àti ìwọ̀n ọṣẹ ìwẹ̀ tó kù sílé. Nígbà tí òkúta funfun bọ́ sí apá òsì, tí ẹnu ọ̀nà etíkun sì wà lẹ́yìn wọn gan-an, ó fi ọṣẹ ra ìdí òjé, ó jù ú sómi. Yanrìn ló bá a bọ̀. "Kọ́bọ́ọ̀dù," ni atukọ̀ wí. Wọ́n tún sún mọ́ ọ̀gbun díẹ̀, ó tún jù ú. Ẹrẹ̀ dúdú rírọ̀ ló bọ̀ wàyí. Atukọ̀ ń wò ó. Aránṣọ fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Kò rí nǹkan kan mọ̀ nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ ni.

"Bàbá a máa ní ó dùn," ó ní.

"Irọ́ ló ń pa," ni atukọ̀ wí, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n ju ìwọ̀ sómi, wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀ omi. Lẹ́ẹ̀kíní, koríko òkun. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀ náà wúwo, okùn le, àwọn méjèèjì fà á pa pọ̀. Ìgèrè yọ lójú omi, edé ń ta pàrà nínú rẹ̀, wọ́n pọ̀, wọ́n wà láàyè. Ohun kan pẹlẹbẹ sì so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ etí rẹ̀, ìkarahun ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, àmọ́ nígbà tí aránṣọ fi àtàǹpàkò ra á láàárín, òdòdó pupa yọ jáde níbẹ̀.

Ó wá yé e. Ìjì tó gbẹ́ kòtò yẹn ló ṣí tíréè sílẹ̀. Bàbá ti rí i. Ó gbé e sórí itan nínú ọkọ̀ lóun nìkan, kò sì gbé e wálé, nítorí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ kò sí nílé mọ́. Ó kúkú so ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àga ìyàwó rẹ̀ ló wá gbé lọ pàdé rẹ̀, láti abẹ́ fèrèsé lọ sẹ́nu ọ̀gbun, kí àwọn méjèèjì lè wà lójú kan. Aránṣọ gbé tíréè náà sáyà, omi ń ṣàn láti ara rẹ̀ sí aṣọ ọ̀fọ̀, ó sun gbogbo ẹkún tó ṣì kù nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tó dé. Atukọ̀ gbé àjẹ̀ sórí itan, ó jẹ́ kí omi máa gbé wọn.

Edé náà tó gbogbo ilé jẹ. Aránṣọ fi ọṣẹ tó kù fọ tíréè, ó to ife omi sórí rẹ̀, ó sì gbé e yí àwọn àlejò ká. Omi tó dà láti inú ife ń jò gba inú ihò tí bàbá lu sí i, ó ń kán sí ẹsẹ̀ olúkúlùkù. Nígbà tí gbogbo wọn mu tán, ó gbé tíréè náà sórí àga ìyá, níbi tó wà, níhà ilé ìdáná.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, onígbàjámọ̀ dìde, ó di ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mú. "Ẹ jẹ́ ká bá ẹ tò ó padà mọ́ ògiri ká tó lọ, kí ọ̀nà lè là."

Aránṣọ wo pálọ̀ náà, láti ẹnu ọ̀nà dé ọ̀gbun.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Omi ò tíì fà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí di òní. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kó rọra wọlé.